Ìdìbò Ọdún 1954: Nígbà tí Agbo Ilé Gun Òkè Màpó

Ẹni tó bá gun Òkè Màpó, tó dúró níwájú gbọ̀ngàn ńlá tó wà lórí rẹ̀, òrùlé ni yóò kọ́kọ́ rí. Òrùlé páànù tó ti dógùn-ún ni, ọ̀kan fara ti ìkejì, wọ́n tẹ́ lọ salalu títí dé ibi tí ojú kò ti ríran mọ́. Ọjà'ba ló wà nísàlẹ̀ yẹn, ọjà tí orúkọ Ìba Olúyọ̀lé rọ̀ mọ́. Bẹẹrẹ wà lápá kan, ọkọ̀ àti èrò ń fún ara wọn níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bẹyẹrúnkà náà kò jìnnà. Ògiri amọ̀ pọ̀ láàárín àwọn ilé wọ̀nyí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ọ̀nà tóóró sì gba àárín wọn kọjá, tí àwọn méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún ìkejì. Ibi tí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ nìyí, kí ó tó di ìlú tí a fi òkè méje júwe.

Gbọ̀ngàn náà yàtọ̀ sí gbogbo ohun tó yí i ká. Onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Jones, tí àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ sí Taffy, ló darí kíkọ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1929. Òpó gìrìwò dúró níwájú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àkàsọ̀ gbòòrò sì ṣáájú òpó. Wọ́n kọ́ ọ kí ẹni tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lè gbójú sókè kí ó tó dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń jíròrò owó orí, ọjà, títì, kóòtù ìbílẹ̀ àti iṣẹ́ akódà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá bá agbo ilé ni. Ní ọdún 1954, agbo ilé ló gun òkè. Àwọn tí wọ́n ti ń gba àṣẹ láti Màpó dìbò, wọ́n fi àwọn ènìyàn tiwọn sí àga inú rẹ̀, wọ́n sì gba ìṣàkóso Ìbàdàn lọ́wọ́ àwọn tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́. Ìdìbò yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò fínnífínní, nítorí ó fi ohun tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ lè jẹ́ hàn wá, ó sì fi ohun tí a ti pàdánù hàn wá pẹ̀lú.

Agbo ilé ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ní Ìbàdàn àtijọ́, ènìyàn kì í dá gbé. Agbo ilé kan lè ní àgbàlá mélòó kan, kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa jí síbẹ̀ láràárọ̀: bàbá àgbà lórí ẹní níwájú ilé, àwọn ìyàwó ilé nídìí ààrò, àwọn ọmọdé tí wọ́n ń sáré ká, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń múra oko. Mógàjí ni olórí wọn. Òun ló ń parí ìjà, òun ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn lọ́dọ̀ àwọn ìjòyè, ojú rẹ̀ sì wà lára oyè, nítorí Ìbàdàn kò ní ìdílé ọba kan ṣoṣo. Láti Mógàjí ni ènìyàn ti ń gun àkàsọ̀ oyè díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀mí bá gùn, títí dé orí Olúbàdàn. Nítorí náà ohun tó bá kan ọlá ìjòyè kan, ó kan agbo ilé rẹ̀ látòkè délẹ̀. Oko ló so ìlú mọ́ abúlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ agbo ilé ní kòkó lóko, wọn a máa lọ, wọn a máa bọ̀, bí ọdún bá sì dé, gbogbo wọn a wálé. Bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sẹ́nu agbo ilé kan ní òwúrọ̀, á ti dé abúlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Agbo ilé wọ̀nyí ti ní ìbínú nínú kí ọdún 1954 tó dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àrùn kọlu kòkó, ìjọba sì rán òṣìṣẹ́ lọ sóko kí wọ́n máa gé igi tí àrùn mú. Ọ̀mọ̀wé lè ní gígé ló máa gba ìyókù là, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń wo àdá lára igi tí bàbá rẹ̀ gbìn kò lè gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Àtinú ìbínú yẹn ni Ẹgbẹ́ Máyégún, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, ti jáde. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Olóyè Sàlámì Àgbájé dé, Ọ̀tún Balógun tó lówó, tí àwọn kan fẹ́ kí wọ́n yọ lóyè. Ìjà náà fa ìwádìí tí ìjọba gbé lé Ọ̀gbẹ́ni Butcher lọ́wọ́, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1951. Ó dá Àgbájé láre, ó sì dábàá pé kí wọ́n tún ìṣàkóso Ìbàdàn tò. Láàárín àsìkò kan náà ni wọ́n yọ agbègbè Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ìlú tó ti ń pàṣẹ fún àwọn ìlú mìíràn láti ayé ogun, ó di pé ó ń ṣọ́ ilé tirẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọn tó wá fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, pàápàá àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, ti kọ́lé sí Òkè-Àdó àti agbègbè rẹ̀, wọ́n mọ òwò, wọ́n mọ̀wé, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ àti nínú ìṣàkóso. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń béèrè, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mú onílẹ̀.

Owó orí ló wá fi iyọ̀ sí ojú egbò. Ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ló ń ṣàkóso Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ètò ìlera, wọ́n sì fi ṣílè mẹ́wàá àti sísì kún ohun tí olówó orí ń san. Ètò ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1955, àwọn ọmọ Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀. Ohun rere ni, mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní ọdún 1953 àti 1954, owó náà ni àgbẹ̀ rí, kò tí ì rí ilé-ìwé.

Ọ̀nà òṣèlú náà ti là kí ìdìbò kánsù tó dé. Ní ọdún 1951, Ẹgbẹ́ Ìbàdàn People's Party, tí A. M. A. Akínlóyè jẹ́ aṣáájú rẹ̀, gba gbogbo àga mẹ́fà tí Ìbàdàn ní nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ẹkùn. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, márùn-ún nínú wọn lọ bá Action Group, Akínlóyè sì di mínísítà. Ẹnìkan ṣoṣo ló dúró pẹ̀lú NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ tí Nnamdi Azikiwe ń darí. Adégòkè Adélabú ni.

Wọ́n bí Adélabú ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1915. Òkè-Olúọ̀kun ni ilé rẹ̀. Ó lọ sí Government College ní Ìbàdàn, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga ní Yábàá, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ UAC níbi tí wọ́n ti fi ipò mánéjà dá a lọ́lá. Ní ọdún 1952 ló tẹ ìwé rẹ̀ jáde, Africa in Ebullition. Ó mọ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ó máa ń kó àwọn ọ̀rọ̀ gbàǹgbà-gbaǹgba jọ nínú ilé aṣòfin títí ojú àwọn mìíràn á fi là. Síbẹ̀ ohun tó gbé e dé ọkàn agbo ilé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá dé Ọjà'ba tàbí Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣì, Ìbàdàn ni ó ń sọ, Ìbàdàn tí ìyá alágbo gbọ́, tí alápatà gbọ́, tó kún fún òwe, fún ẹ̀fẹ̀ àti fún èébú nígbà tó bá kan ọ̀tá. Mùsùlùmí ni bí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn àtijọ́. Ó máa ń jókòó ti ìyá arúgbó, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún Mógàjí, ilé rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á kún ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn tó kàwé nínú ìlú rò pé ó ń tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn kò rí i pé ó ń gbé agbo ilé sókè.

Ohun tó ṣe ni pé ó so àwọn okùn tó já pọ̀. Ó bá Ẹgbẹ́ Máyégún rìn, ó kó àwọn àgbẹ̀ wọlé, ó fa àwọn Mógàjí mọ́ra, ó sì so gbogbo wọn mọ́ NCNC. Orúkọ tí wọ́n sọ àjọṣe náà ni Mábọlájẹ́. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí orúkọ yẹn ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn olóyè tó rí i pé òfin tuntun fẹ́ sọ wọ́n di ojú lásán gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ agbo ilé tó ń wo ọjọ́ iwájú oyè wọn gbọ́ ọ. Èyí ló yà á sọ́tọ̀ sí ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tò sínú ìwé: kò béèrè pé kí ènìyàn kọ́kọ́ kọ ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di olóṣèlú. Mógàjí wọlé, agbo ilé tẹ̀ lé e.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1952 ló ṣí ilẹ̀kùn. Ṣáájú rẹ̀, ìjòyè àti ọ̀gá aláwọ̀ funfun ló ń ṣàkóso, bí ìgbìmọ̀ bá tilẹ̀ wà. Òfin tuntun sọ pé àwọn tí a dìbò yàn ni kí wọ́n pọ̀ jù nínú kánsù, kí àwọn olóyè sì dín kù sí wọn, kí Olúbàdàn jẹ́ ààrẹ rẹ̀, kí àwọn kánsílọ̀ sì yan alága láàárín ara wọn. Ìlú tí ìkànìyàn ọdún 1952 kà sí ohun tó lé ní 459,000 ènìyàn, tó tóbi ju ìlú mìíràn lọ láàárín àwọn ènìyàn dúdú nígbà náà, òun ni wọ́n fẹ́ gbé lé ọwọ́ àwọn tí a dìbò yàn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ìwé owó orí ló ń ṣí ọ̀nà ìdìbò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àkókò yẹn. Owó tó ń dùn wọ́n náà ni wọ́n fi ra ohùn.

Ìpolongo náà wá dà bí àjọ̀dún. Ìlù kò dákẹ́. Bàtá àti dùndún ń ṣáájú, àwọn obìnrin ọjà ń gbé orin, wọ́n ń ṣẹ̀dá rẹ̀ bí wọ́n ti ń rìn, ọ̀tá a sì gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Láti Bẹẹrẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Ọjà'ba, láti Ìdí-Arẹrẹ dé Bẹyẹrúnkà, ọ̀rọ̀ ìdìbò gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ ń sọ ọ́, ẹni tó ń gerun ń sọ ọ́, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun ní mọ́sáláásí. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ náà kò sùn. Wọ́n ní ètò, wọ́n ní ìwé ìròyìn, wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n ní ìjọba lẹ́yìn, wọ́n sì ní àwọn ọmọ Ìbàdàn gidi tó dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹ̀kọ́ ni yóò gbé ìlú ga. Àmọ́ ìpàdé ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn sí. Adélabú ń lọ bá wọn nílé.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Mábọlájẹ́ àti NCNC ló gbé kánsù lọ, àwọn kánsílọ̀ wọn pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ tó kù lọ dáadáa. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìbàdàn ni olú-ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Agodi ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ń jókòó sí, ní ìlú kan náà, ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Màpó. Ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso gbogbo ẹkùn náà, tó ní owó, tó ní òfin, tó ní àwọn òṣìṣẹ́, ló fìdí rẹmi nínú kánsù olú-ìlú tirẹ̀, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Adélabú di alága kánsù. Ní ọdún kan náà, nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀, NCNC tún gba àga ju Action Group lọ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Adélabú sì di mínísítà ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1955, láì fi àga Màpó sílẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn náà yí padà. Níbi tí aṣọ ìgbà àti ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ti máa ń jọba, agbádá àdírẹ àti fìlà abetí-ajá ló kún ibẹ̀, àwọn tí kò lọ ilé-ìwé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ̀wé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọjà tí ìyá wọn ń ná. Ẹni tí kì í lè kọjá ẹnu ọ̀nà Màpó láì bọ́ fìlà rí ìbátan rẹ̀ nínú àwọn tó ń pàṣẹ. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó kọ́ ará ìlú pé ọwọ́ rẹ̀ lè yí ìjọba padà, ẹ̀kọ́ tí ìwé kankan kò lè fi kọ́ni dáadáa bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ènìyàn nìkan kò tó láti ṣàkóso owó ìlú. Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: lórí bí wọ́n ṣe ń gba owó orí, lórí bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́, lórí ẹni tó ń gba iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì. Ìjọba Ẹkùn gbé ìwádìí lé E. W. J. Nicholson lọ́wọ́, akọ̀wé ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1956, ó sì bá Adélabú àti kánsù rẹ̀ wí gidigidi. Adélabú fi ipò mínísítà sílẹ̀, ìjọba sì tú kánsù náà ká, wọ́n yan àwọn mìíràn sípò. Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn gbà pé ọ̀tá ló ń wá ọ̀nà láti gba ohun tí ìbò kò fún un. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà nínú ìyẹn, nítorí ẹgbẹ́ tó pàdánù ló ní ọwọ́ láti tú kánsù ká. Síbẹ̀ ìwé ìṣirò tí kò gún kò di títọ́ nítorí pé ọ̀tá ló ṣí i. Owó àgbẹ̀ ni owó yẹn. Ẹni tó fi owó orí jà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tó wọ̀.

Ìdájọ́ àwọn ènìyàn kò pẹ́ jáde. Nínú ìdìbò ilé aṣòfin ẹkùn ní oṣù Èbìbí ọdún 1956, Action Group gba àga 48, NCNC gba 32, Ìbàdàn sì dúró ti Adélabú, ẹni tó di olórí ẹgbẹ́ alátakò. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1958, jàǹbá ọkọ̀ pa á ní ẹ̀bá Òdè-Rẹ́mọ, nígbà tó ń bọ̀ láti Èkó. Ẹni ọdún 42 ni. Ìròyìn náà wọ Ìbàdàn, ìlú sì dàrú. Àwọn kan gbà pé ọwọ́ ọ̀tá wà nínú rẹ̀, wọ́n kó ìbínú lé àwọn alátìlẹ́yìn Action Group, ẹ̀mí sì ṣòfò. A kò gbọ́dọ̀ pa ìyẹn mọ́ nígbà tí a bá ń yin ọdún 1954. Ìfẹ́ tó gbóná débi pé kò lè gba ikú gẹ́gẹ́ bí ikú, ó lè di iná tó jó ilé aládùúgbò.

Mo ṣàpèjúwe gbogbo èyí nítorí ohun tí mo ń rí lónìí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33, márùn-ún nínú wọn ni wọ́n pín ìlú Ìbàdàn sí ní ọdún 1991, ti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn sì ń jókòó sí Màpó títí di òní. Ní ọdún 2018, nígbà tí APC wà ní ilé ìjọba, APC ló gba gbogbo àga alága. Ní ọdún 2024, nígbà tí PDP wà níbẹ̀, PDP ló gba gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ tó bá di gómìnà mú, òun ló ń gba gbogbo rẹ̀, láì ku ẹyọ kan. Ìtàn kan náà ni ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, láti Ṣókótó dé Bàyélsà. Láàárín ìdìbò kan sí òmíràn, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ti máa ń tú kánsù ká, wọ́n á gbé àwọn alámòójútó tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn sórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, àti pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àwọn tí a kò dìbò yàn ṣàkóso rẹ̀. Ìdájọ́ náà dára. Àmọ́ ilé ẹjọ́ kò lè fi ìdíje sínú àpótí ìbò.

Ohun tí ọdún 1954 fi hàn ni pé ìdìbò kánsù lè ní ìtumọ̀ débi tí ìjọba tó lágbára jù lọ nínú ẹkùn yóò pàdánù nínú rẹ̀. Ìbàdàn kò ní àwọn ọ̀mọ̀wé tó pọ̀ ju ti òní lọ nígbà yẹn. Kò ní rédíò tàbí fóònù ní gbogbo ilé. Ohun tó ní ni àwọn ènìyàn tó gbà pé ìbò wọn yóò kà, àti àwọn olóṣèlú tó mọ̀ pé bí wọn kò bá dé agbo ilé, wọn kò ní dé Màpó. Ìgbàgbọ́ kejì ṣọ̀wọ́n lónìí, nítorí ọ̀nà Màpó ti gba ilé ìjọba kọjá. Alága kánsù tó mọ̀ pé gómìnà ló yan òun, ilé gómìnà ni yóò máa lọ kí. Kò ní ìdí tí yóò fi dá ìyá Ọjà'ba lóhùn lórí gọ́tà tó dí, tàbí òṣìṣẹ́ ìlera lórí oògùn tó tán.

Nítorí náà, bí àkókò ìdìbò kánsù bá tún dé, ohun méjì ló yẹ kí Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, Bẹyẹrúnkà àti gbogbo ẹsẹ̀ Òkè Màpó béèrè láì tijú. Àkọ́kọ́ ni pé kí ìdìbò náà jẹ́ èyí tí ẹgbẹ́ gómìnà lè pàdánù. Èkejì ni pé kí ẹni tó bá wọlé máa ka ìwé ìṣirò owó fún ìlú ní gbangba, kí ó kà á ní Yorùbá tí àgbẹ̀ gbọ́. Mábọlájẹ́ gba èkíní, ó sì kọsẹ̀ lórí èkejì. Àwa tí a wá lẹ́yìn wọn pàdánù méjèèjì, a sì ní ẹ̀tọ́ láti gba méjèèjì padà.